Arère Wa nínú Àgbá Onígi

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Parakou, tí ètè ń bẹ́, tí òtútù òwúrọ̀ ń gún wa létí, àwọn àgbà ilé a máa ní kí a gbé ìkòkò agbo kaná. Ewé dóńgóyárò, koríko ọba, ewé gúáfà àti efinrin ni a sábà ń kó sínú rẹ̀. Bí ó bá ti hó, a ó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹni tí ara ń ro yóò jókòó tì í, a ó sì da aṣọ nínípọn bò ó títí yóò fi làágùn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbọ́ Faransé mọ̀ ọ́n sí *bain de vapeur*.

Àwọn ará Fínlándì náà ní tiwọn. Sauna ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, láàárín ènìyàn bíi mílíọ̀nù 5.5, sauna tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Ní ọdún 2020, UNESCO kọ àṣà náà mọ́ ogún ìbílẹ̀ aráyé.

Lára oríṣi tó gbajúmọ̀ lóde òní ni èyí tí a fi igi kàn bí àgbá tí a dùbúlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà a to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, etí ọ̀kan a wọ inú èkejì, wọn a sì fi ọ̀já irin dì í yíká. Bí ọ̀rinrin bá mú kí igi wú, ńṣe ni pákó túbọ̀ ń fún mọ́ra. Nítorí pé kò ní igun lókè, afẹ́fẹ́ tí iná yóò mú gbóná kéré sí ti yàrá onígun mẹ́rin. Inú rẹ̀ ni ààrò olókùúta wà. A máa ń gbóná tó ìwọ̀n 70 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ohun tó yẹ kí ó wú wa lórí jù ni ìjókòó rẹ̀. Igi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní Yúróòpù ń lò fún un ni wọ́n ń pè ní abachi. Abachi yìí kì í ṣe àjèjì: arère wa ni, èyí tí àwọn onígẹdú tó ń sọ Faransé ń pè ní samba tàbí ayous. Igi tí a ń fojú kéré ni, nítorí pé ó rọ̀, ikán sì ń tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í sun oje, kì í sì í tètè gbé ooru fún ara. Bí a bá fi igi tó wúwo ṣe ìjókòó náà, yóò jó itan ẹni.

Àǹfààní ńkọ́? Ooru ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, kí ọkàn sáré díẹ̀, kí iṣan ara tó le sì rọ̀. Ìwádìí kan láti Fínlándì, tí a tẹ̀ jáde ní 2015, tọpa ọkùnrin 2,315 fún nǹkan bí ogún ọdún. Ikú òjijì láti inú àrùn ọkàn kéré láàárín àwọn tó ń wọ sauna lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀méje lọ́sẹ̀. Èyí kò fi hàn dájú pé ooru nìkan ló ṣe é. Ooru kì í sì í pa kòkòrò ibà: ilé ìwòsàn ni ibi ẹni tí ibà ń ṣe. Aláboyún àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn ní láti bi dókítà kí wọ́n tó wọ inú ooru.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, kò sí ará Parakou tí yóò sanwó kí ó tó làágùn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ra àgbá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ nípa ìkòkò agbo tó yí dà sí ọmọdé lẹ́sẹ̀? Nínú àgbá onígi, wọ́n ń fi igi ṣe ọgbà yí ààrò ká kí ara má baà kàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kan irú ọgbà bẹ́ẹ̀ yí ìkòkò agbo àwọn ìyá wa ká, kí ẹ sì kan àpótí ìjókòó tí kò ní mì. Bí omi gbígbóná bá sì jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn ni kí a dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn; kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin.

Agbo àwọn bàbá wa kò ní láti parẹ́ kí ọmọ wa tó wà láìléwu.