Ìdánwò Òṣìṣẹ́ Tuntun: Oṣù Mélòó Ni?

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ ní ilé búrẹ́dì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó ní òun mọ iṣẹ́ náà. Ara rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣé èyí tó? Kò tó o. A kò lè fi ojú mọ ẹni tí ó mọ ìyẹ̀fun pò. Ṣé yóò máa dé ní òru tí ààrò ń gbóná? Ṣé yóò ka búrẹ́dì pé kí ó tó kó o fún àwọn tí ń kiri? Ìdí nìyí tí a fi ń fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ìgbà ìdánwò.

Irú iṣẹ́ ni yóò sọ iye oṣù rẹ̀. Ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa pọnmi, oṣù 1 tó láti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò máa po ìyẹ̀fun, oṣù 3. Ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Èmi yóò fún un ní oṣù 6, nítorí olè kì í sábà jalè ní oṣù kìíní. Ìjọba ní tirẹ̀, ọdún 2 ni ó fi ń dán òṣìṣẹ́ wò kí ó tó kọ́nfáàmù rẹ̀. Àwa olùkọ́ mọ bí ọdún méjì náà ti í gùn tó!

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ọ̀gá wí pé, “Máa ṣe é lọ ná, a ó máa wò ó.” A ó máa wò ó títí di ìgbà wo? Oṣù 8 kọjá, owó ìdánwò ni ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń gbà. Bí ó bá béèrè, wọn a ní kò tíì yege. Èyí kì í ṣe ìdánwò mọ́, ìrẹ́jẹ ni.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 1974, kò sọ iye oṣù ìdánwò. Àdéhùn ni. Ṣùgbọ́n ó ní kí oṣù 3 tó kọjá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ń fi agbára ṣiṣẹ́, àti akọ̀wé pẹ̀lú, ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ àti ìgbà tí a ó máa san án. Bí iṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù 3 lọ, ẹni tí ó fẹ́ yà yóò sọ fún ẹnìkejì ní ọjọ́ 1 ṣáájú. Bí ó bá ti ju oṣù 3 lọ, tí kò sì tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1 ni, ìwé ni a ó sì fi sọ ọ́.

Nítorí náà, ọ̀gá tí ó gbọ́n kì í dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó pe òṣìṣẹ́ náà jókòó: “Ọmọ mi, búrẹ́dì rẹ dára, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni o pẹ́ dé.” Ẹni tí a kò sọ àṣìṣe rẹ̀ fún, báwo ni yóò ṣe tún un ṣe?

Ẹ da ìwé yìí kọ:

“Mo gbà ọ́ sí iṣẹ́ búrẹ́dì láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ìdánwò rẹ yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Owó oṣù rẹ nígbà ìdánwò ni náírà ........ Lẹ́yìn ìdánwò, yóò di náírà ........ Bí n kò bá kọ ìwé sí ọ títí di ọjọ́ náà, o ti di òṣìṣẹ́ mi pátápátá.”

Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà kan. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ kọ ọ́. Kí òṣìṣẹ́ wá a nínú ìwé náà kí ó tó fọwọ́ sí i.