Ìtọpinpin Ìgbésí-Ayé Àgbẹ̀ Kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà

Bí a bá fẹ́ tọpinpin ìgbésí-ayé àgbẹ̀ olówùú ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Bíbélì ẹbí, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àti ikú sí, ni a ó kọ́kọ́ ṣí. Ìkànìyàn ọdún 1850 ló kọ́kọ́ to orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Ìwé oko ọdún náà sì sọ iye éékà àti ẹran ọ̀sìn.

Bí ó bá ní ẹrú ńkọ́? Ọjọ́ orí, àwọ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin nìkan ni ìkànìyàn sábà máa ń kọ nípa wọn. Ọdún 1870 ni ó tó dárúkọ àwọn tó gba òmìnira. Nítorí náà, nínú ìwé ìhágún àgbẹ̀ náà, láàrin ìbaaka àti màlúù, ni àrọ́mọdọ́mọ wọn ti lè rí orúkọ baba ńlá wọn. Ẹni tí kò bá wá orúkọ wọ̀nyí, ìdajì ìtàn ló kà.