Kí A Tó Lanu fún Dókítà Eyín

Láàárín àwọn ohun tí Yorùbá fi ń ki arẹwà, eyín kò gbẹ́yìn. Adúmáadán tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí èéjì sì pín in lágbede méjì bí ọ̀nà tí a là fún ọba, kò tíì sọ̀rọ̀ tí ara gbogbo agbo fi ń yá gágá. Nítorí èyí, nígbà tí kòkòrò bá jẹ eyín ènìyàn dé ibi tí kò sí àtúnṣe mọ́ ju kí a yọ ọ́ lọ, kì í ṣe ìrora nìkan ni ń dẹ́rù bà á. Ẹ̀rù ẹ̀rín tí yóò máa fi ọwọ́ bò ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rù ẹran tí yóò máa fi ojú jẹ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà eyín ni ó ń bá ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹ̀mú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ ni ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà bí a ti ń tọ́jú aláìsàn. Lẹ́yìn dókítà ni oníṣọ̀nà kan wà tí aláìsàn kì í sábà rí, ẹni tí ń fi ẹfun líle àti ìda mọ eyín tuntun ní yàrá tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kùnà, ẹnu kò ní tòrò.

Ní ayé àtijọ́, agbára apá ẹni tí ń fa eyín àti ìfaradà ẹni tí a ń fà á fún ni gbogbo ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, Horace Wells, dókítà eyín ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, fa afẹ́fẹ́ tí ń pani lẹ́rìn-ín símú, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ òun yọ eyín òun láti fi dán an wò bóyá kò ní sí ìrora. Ní 1846, William Morton, dókítà eyín bíi tirẹ̀, fi oògùn íítà kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní Boston kí oníṣẹ́ abẹ tó fi abẹ kan ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ó di 1943, Nils Löfgren ṣẹ̀dá lidocaine ní Sweden, èyí tí a ṣì ń gún sí ìdí eyín títí di òní. Ọwọ́ àwọn dókítà eyín ni ìtura yìí gbà wọ ilé iṣẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ara ni a sì ń wò kí a tó gún abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ wí. Aboyún gbọ́dọ̀ wí. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì gbọ́dọ̀ wí, kí ó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń mu àgbo, tàbí tí pẹnisílínì máa ń bá ara rẹ̀ jà, kò gbọdọ̀ tijú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Abẹ́rẹ́ ìdí eyín kì í kun ni lóorun: ojú aláìsàn ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́, ibẹ̀ nìkan ni ó kú tipiri. Oògùn akunnilóorun yàtọ̀. Nítorí pé èébì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, a sábà máa ń ní kí ó yẹra fún oúnjẹ fún wákàtí 6 ṣáájú, àti fún omi fún wákàtí 2. Ẹni tí ń han-run kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń ségesège lójú oorun, àti ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí ẹni tí a óò kun lóorun mú ẹni tí yóò sìn ín délé dání, kí ó má sì wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí eyín bá ti jáde, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sójú ihò rẹ̀ ni ìbora ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń yọnu pọ̀kọ̀ pọ̀kọ̀ tàbí tí ó ń mu sìgá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ń ṣí ìbora náà kúrò ni. Ọjọ́ kejì ni omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kàn. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán a doge.

Egungun tí eyín kúrò lórí rẹ̀ a máa rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, ẹlòmíràn a dúró kí ibẹ̀ rọlẹ̀ tán kí a tó ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, ẹlòmíràn a sì gba eyín tí a ti ṣe sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a yọ tirẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n yóò padà wá kí a tún inú rẹ̀ ṣe bí ó bá dẹ̀. Ní ti ohun tí a fi ń ṣe eyín náà, George Washington, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1789 pẹ̀lú eyín tirẹ̀ kan ṣoṣo, fi eyín erinmi àti eyín ènìyàn jẹun. Rọ́bà líle ni ó gbòde lẹ́yìn náà. Ákírílíìkì sì gba ipò rẹ̀ láti nǹkan bí 1937. Irin tín-ín-rín wà, náílọ́nù tí ń tẹ̀ sì wà. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń hún létí kí ó sọ fún dókítà, nítorí irin tí ń hún etí lè hún ẹnu.

Eyín àtọwọ́dá kì í bá ni sùn: inú omi tútù ni ibùsùn rẹ̀, nítorí omi gbígbóná a máa ká a kò. Ẹni tí ó bá gbé e mì lójú oorun ti kó sínú ewu ńlá, nítorí ákírílíìkì kì í sábà hàn lójú àwòrán ẹ̀rọ tí ń wo inú ara.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n lè sọ. Bí o bá ní èéjì, mú àwòrán rẹ àtijọ́ dání kí a tó yọ eyín náà, kí o sì wí fún wọn. Oníṣọ̀nà inú yàrá lọ́hùn-ún lè dá ọ̀nà ọba náà padà sí ibi tí Ẹlẹ́dàá là á sí.