Ìbọn tí kò lo ẹ̀tù: báwo ni wọ́n ṣe ń wọn iná inú rẹ̀?

Láti Alajue títí dé ààfin, ta ni ọmọ Ẹdẹ tí kò mọ Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, jagunjagun tó ń ta ọfà iná láyé àtijọ́? Lóde òní, iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ti ń ta ọta.

Nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, irin gbọọrọ méjì ni wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n wá fi irin kékeré kan dábùú àárín. Iná á gba irin kìíní wọlé, á gba ti àárín kọjá, á sì bá ìkejì jáde. Agbára òòfà tí iná náà dá sílẹ̀ ló ń ti irin àárín síwájú, òun ló sì ń ti ọta jáde. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì í á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní Dahlgren, ìpínlẹ̀ Virginia, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi irú ìbọn yìí ta ọta kan ní oṣù kìíní 2008. Ó sáré mítà 2,520 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìlọ́po méje eré ohùn lọ.

Níbi wíwọn iná yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó jẹ́ 1,000 wáàtì kì í fa tó ámpíà 5. Ìbọn yìí ń fa mílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kéèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti parí. Mítà lásán tí wọ́n bá so mọ́ ọn á jóná. Nítorí náà, wọn kì í fara kàn án. Wáyà bàbà ni wọ́n ń wé ní kọ́ìlì, wọ́n á fi yí ọ̀nà iná ká. Walter Rogowski, ará Jámánì, ló kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1912. Bí iná ṣe ń lọ sókè sódò ni fóltéèjì kékeré ń yọ nínú kọ́ìlì. Bí iná ṣe ń yára yí padà ni fóltéèjì yẹn ń sọ. Wọ́n ní láti ro ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ iye ámpíà. Wọ́n tún ń to kọ́ìlì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti mọ ìgbà tí ọta kọjá níbì kọ̀ọ̀kan.

Fóltéèjì ẹnu ìbọn ló ń tú àṣírí jù. Tí irin àárín bá ṣì fara mọ́ irin gbọọrọ méjèèjì, fóltéèjì yìí máa ń kéré. Tó bá fò sókè lójijì, àlàfo ti wọlé nìyẹn, iná ti ń ta páá la àlàfo kọjá, ó sì ń jẹ irin ìbọn. Jíjẹ yìí wà lára ohun tó dá Amẹ́ríkà lágara. Wọ́n dá iṣẹ́ ìbọn náà dúró ní 2021. Japan kò dá tirẹ̀ dúró: ní 2023, wọ́n yìn ín láti orí ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iná ní Pólì Ẹdẹ, ẹ wé kọ́ìlì yìí lójú olùkọ́ yín. Nínú wáyà méjì tó ń gbé iná lọ tó sì ń gbé e bọ̀, ẹyọ kan ni kí ẹ fi kọ́ìlì yí ká, torí tó bá yí méjèèjì ká, òòfà wọn á pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kan ìbọn náà rárá: kàpásítọ̀, ohun tí wọ́n ń kó iná ìbọn jọ sí, lè pani tó bá ti gba iná, bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná.