Iye Ọdún àti Orúkọ Ọdún

Bí ìyá àgbà kan bá kú ní Magboro, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí í ṣe Kristian wí pé ẹni ọdún 82 ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí í ṣe Mùsùlùmí sì wí pé 84, ta ni ó purọ́ nínú wọn? Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó purọ́.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún ni àwọn baba wa fi ń pè é. Wọn a wí pé, ọdún Ogun Adùbí ni a bí lágbájá. Ogun náà jà ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 1918, nígbà tí àwọn ará oko dìde nítorí owó-orí, tí wọ́n sì hú irin ojú-ọ̀nà rélùwéè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àrùn inflúẹ́ńsà, tí a ń pè ní lùkúlùkú, gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ọdún kan, orúkọ méjì: ẹni tí ó bá kà wọ́n sí ọdún méjì yóò ṣìnà. Síbẹ̀ orúkọ bẹ́ẹ̀ ní èrè tí iye lásán kò ní, nítorí ó fi hàn wá ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, nínú àwọn tí a bí lọ́dún kan náà.

Àwọn Mùsùlùmí ń ka ọdún láti ìgbà tí Muhammad ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ní 622. Ní kíkà wọn, inú 1336 ni Ogun Adùbí bọ́ sí. 1337 sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1918, nígbà tí àrùn náà ṣì ń jà. Oṣù òṣùpá méjìlá ni ọdún wọn, ọjọ́ 354 tàbí 355. Ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí tiwa. Nítorí náà ẹni tí a bí nígbà Ogun Adùbí, tí ó sì kú ní àárín ọdún 2000, lo ọdún 82 ní kíkà tiwa, ó sì lo 84 àti ààbọ̀ ní kíkà tiwọn. A bẹ àwọn tí ń kọ ìwé ìrìbọmi àti ti ìsìnkú pé kí wọ́n kọ ohun tí ẹbí sọ sílẹ̀ gan-an kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀.

Kíkà tiwa pàápàá, Dionysius, ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kan ní Róòmù, ni ó ṣe é ní 525. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó fi ọdún díẹ̀ ṣì í, nítorí Hẹrodu Ọba ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú ọdún tí ó pè ní èkíní.

Ẹ wo 2021. Àwọn ará Etiópíà ń pè é ní 2013 títí di oṣù kẹsàn-án. Àwọn Yorùbá tí ń lo Kọ́jọ́dá bẹ̀rẹ̀ 10,063 ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ, àwọn Mùsùlùmí jáde kúrò nínú 1442, wọ́n sì bọ́ sínú 1443.