Ṣé O Mọ̀? Kọfí Tí Yìnyín Kò Lè Sọ Di Omi

Ṣé o mọ̀ pé kọfí dúdú oníyìnyín tí wọ́n ń mu ní Vietnam, ìyẹn cà phê đá, kì í ṣe kọfí àná tó tutù sílẹ̀? Gbígbóná ni wọ́n ń sẹ́ ẹ kó tó kan yìnyín. O lè ní yìnyín á sọ ọ́ di omi lásán. Òótọ́ ni, bí kọfí náà bá ṣàn. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ki: wọ́n á da bíi gíráàmù 20 kọfí lílọ̀ sínú phin, asẹ́ irin kékeré tó ń jókòó lórí ife, wọ́n á fi omi gbígbóná díẹ̀ rin ín, wọ́n á wá da ìyókù lé e, kó máa kán díẹ̀díẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 5. Ìgbà tó ṣì gbóná ni wọ́n ń po ṣúgà mọ́ ọn, torí ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù.

Àwọn kan á ní robusta, irú kọfí tó pọ̀ jù níbẹ̀ (ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti ṣẹ̀), ti korò jù. Ó korò lóòótọ́, káfíìnì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, irú kọfí mìíràn, ṣùgbọ́n ìkorò yẹn gan-an ni yìnyín kò lè borí. Bí o bá fẹ́ ṣe é nílé, omi mìlílítà 80 ti tó fún ife kan.