Àsíá Àforíjì ní Nahrawan

  

 Lánàá a sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ 9 nínú Suratul Hujuraat, níbi tí Allah ti pa á láṣẹ pé bí ìjọ méjì nínú àwọn onígbàgbọ́ bá ń jà, kí á tún àárín wọn ṣe. Bí ọ̀kan bá sì kọjá ẹnu àlà, kí á bá a jà títí yóò fi ṣẹ́rí padà. Ó ku kí á mọ báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀nà ìpadà sílẹ̀ fún ọmọ ogun tó ti yọ idà sí olórí rẹ̀. Ohun tí Sàyídínà Aliyu ọmọ Abi Talib ṣe ní Nahrawan ni a ó fi ṣe àlàyé rẹ̀.

Ní ọdún 37 lẹ́yìn Hijira, èyíinì ọdún 657, ogun Siffin wáyé láàárín Aliyu tó jẹ́ Kálífà, àti Muawiya tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Ṣáámù. Mùsùlùmí ń pa Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò pé kí onídàájọ́ méjì yanjú ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan nínú ọmọ ogun Aliyu gan-an yarí. Wọ́n ní Allah nìkan ló ni ìdájọ́, wọ́n sì yọ ara wọn kúrò lọ sí Harura. Àwọn là ń pè ní Khawarij. Aliyu gbà pé òdodo ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àmọ́ ó ní irọ́ ni wọ́n ń fi í gbè lẹ́yìn.

Kò fi idà ṣe ìdáhùn àkọ́kọ́. Ó rán Abdullah ọmọ Abbas sí wọn, ó fi Kùránì bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ sì padà wálé. Àwọn tó kù a máa já lu ìwàásù rẹ̀ nínú mọ́sálásí Kúfà. Síbẹ̀ Aliyu ní òun kò ní lé wọn ní mọ́sálásí, òun kò ní gba ìpín wọn nínú owó ìlú níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ṣì wà pẹ̀lú tòun, òun kò sì ní bá wọn jà àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ṣe. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí fún ẹni tó ń pè é ní kèfèrí lójú ara rẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ló wá bà á jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣa dàbínù tó já bọ́ sílẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pariwo mọ́ ọn pé kò sanwó, ló bá tu ú dànù. Àwọn yìí kan náà ló dúńbú Abdullah ọmọ Khabbab, ọmọ Sàhábà Ànábì, tí wọ́n sì la inú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Wọ́n bẹ̀rù dàbínù olódàbínù, wọn kò bẹ̀rù ẹ̀mí èèyàn! Aliyu rán ìránṣẹ́ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tún pa ìránṣẹ́.

Ilẹ̀ Ṣáámù ni Aliyu dojú kọ nígbà náà, àmọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní àwọn kò lè fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó àti ọmọ àwọn. Ó bá yí padà sí Nahrawan ní ọdún 38 (658). Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé kí wọ́n fa àwọn apààyàn lé òun lọ́wọ́, òun yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n dáhùn pé gbogbo àwọn làwọn jọ pa wọ́n.

Ibí yìí ni ẹlòmíì ì bá ti ní ó tán. Aliyu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé àsíá ààbò lé Abu Ayyub al-Ansari lọ́wọ́, Abu Ayyub sì ké sí wọn: ẹnikẹ́ni tí kò bá pààyàn, tó bá wá sábẹ́ àsíá yìí, ó bọ́, ẹni tó bá gba Kúfà lọ, ó bọ́, ẹni tó bá gba Madain lọ, tó fi ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, òun náà bọ́. Bí ọwọ́ bá ti tẹ àwọn tó pa àwọn ọmọ ìyá wa, a kò nílò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin tó kù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣáá ló di àsíá yẹn mú. Ilé Abu Ayyub ni Ànábì wa wọ̀ sí nígbà tó kọ́kọ́ dé Mẹ̀dínà, kò sì sí nínú wọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọ̀tá gbà gbọ́ ló yẹ kó kéde àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò pè é ní pańpẹ́. Ẹ tún wo Kúfà: ibẹ̀ ni ilé ọ̀pọ̀ wọn, níbi tí ìyá àti aya ti ń retí wọn. Lójú tiwa, Madain wà fún ẹni tí ojú ń tì láti wọlé padà láàárín ọ̀sán gangan. Aliyu kò ní kí wọ́n wá kúnlẹ̀, kò ní kí wọ́n jẹ́wọ́ pé òun ló jàre. Kí wọ́n ṣáà kúrò níbẹ̀. Àmọ́ kò fi ẹ̀jẹ̀ Abdullah àti ti ìyàwó rẹ̀ tọrẹ, nítorí àwọn tó ni òkú ṣì wà láyé.

Al-Tabari kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin (4,000) ni wọ́n. Farwa ọmọ Nawfal ní òun kò mọ ìdí tí òun fi ń bá Aliyu jà, ó sì kó 500 ẹlẹ́ṣin kúrò níbẹ̀. Àwọn kan gba Kúfà lọ, àwọn kan bọ́ sábẹ́ àsíá. Àwọn 2,800 ló ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ olórí wọn, Abdullah ọmọ Wahb. Aliyu pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́kọ́ ta ọfà. Àwọn ọ̀hún ló kọ́kọ́ kọ lù wọ́n, ogun náà kò sì pẹ́ rárá tí ó fi tán.

Àwọn kan a máa sọ pé àforíjì yìí kò ṣiṣẹ́, torí Khawarij kan, Ibn Muljam, ló ṣá Aliyu ní idà nínú oṣù Ramadan ọdún 40 (661). Òótọ́ ni pé ó ṣá a. Òótọ́ sì ni pé Farwa tún gbé idà lẹ́yìn ikú Aliyu, Muawiya ló gbé e sí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé àforíjì náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Nínú àwọn 4,000 yẹn, bí 1,200 ló rìn kúrò ní Nahrawan lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Lẹ́yìn tí ogun parí, wọ́n rí 400 tó fara gbọgbẹ́ láàárín òkú. Aliyu ní kí wọ́n kó wọn fún àwọn ẹbí wọn, kí wọ́n gbé wọn lọ sílé lọ tọ́jú.